Alága Stánmíà àti Ẹ̀sùn Mẹ́tàlélọ́gọ́rin

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, nítorí Alága ń bọ̀. Bí ó bá wọlé tí ẹ kò bá dìde, ìdúró lẹ ó fi wo bọ́ọ̀lù títí wọn ó fi fọn fèrè ìsinmi. Ẹ má wo èmi o, èmi kọ́ ni mo ṣòfin yẹn. Adébọ̀wálé ló ṣe é, Adébọ̀wálé náà sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta táìlì àti àwo ìyàgbẹ́ ní Airport Road ní Effurun, ọjà rẹ̀ sì dára. A kì í torí pé a fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ká wá purọ́ mọ́ ọn: àwo tí Adébọ̀wálé bá tà fún ọ kì í jò. Bí ó bá jẹ́ pé ìdí ọjà rẹ̀ ló jókòó sí jẹ́jẹ́, ara ì bá tù ú, ara ì bá tu àwa náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn olólùfẹ́ Stánmíà yàn án ní alága ẹ̀ka wọn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìlú Òyìnbó ni Stánmíà, tó ń gba ife bí ẹni ń ya àgbàdo lóko. Ìdí tí wọ́n fi yàn án kò ju pé jẹnẹrétọ̀ ibi ìwòran bọ́ọ̀lù wọn bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, òun ló sì ní èyí tó lè yá wọn. Bí oyè ṣe dé orí rẹ̀ nìyẹn, láti ìgbà náà ni fìlà kò sì ti bá orí ọ̀hún mu mọ́.

Alága lásán kò tó o. Láàárín ọdún kan ó ti di Alága Pátápátá, Agbátẹrù Ògo Stánmíà ní Gbogbo Delta, Ojú Tí Ìlú Òyìnbó Fi Ń Rí Effurun. Gbénga, akọ̀wé rẹ̀, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn bíi tirẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà rẹ̀ fara ti tirẹ̀, ló máa ń gbé máìkì tí í fi ka oríkì yìí sókè bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà. Á kà á ní Yorùbá, á kà á ní Pidgin, á sì kà á ní irú Gẹ̀ẹ́sì kan tí àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gbọ́ rí. Gbogbo ilé á dìde, wọn á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Alága á juwọ́, wọn á jókòó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Stánmíà gba pẹnárítì ní ìṣẹ́jú tó kù díẹ̀ kí eré parí. Agbábọ́ọ̀lù gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle, ni Alága bá wọlé. Èèyàn ogójì dìde. Nígbà tí wọn ó fi pàtẹ́wọ́ tán tí wọn ó fi jókòó, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń dì mọ́ra wọn, kò sì sí ẹni tó rí bí bọ́ọ̀lù ṣe wọlé. Ni Adébọ̀wálé bá ní ẹsẹ̀ òun ló gbé góòlù náà wá. Gbénga kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ayé ń lọ báyìí kí ìròyìn tó dé pé àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù ní ìlú Òyìnbó ti fi ẹ̀sùn kan Stánmíà, ẹ̀sùn náà sì jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ohun tí wọ́n ní Stánmíà ṣe kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n ní olówó tó ni ẹgbẹ́ náà ń mú owó láti àpò ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò òsì, ó wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà ló san án, kó lè rí àyè ra agbábọ́ọ̀lù ju bí òfin ṣe gbà lọ. Àwọn Stánmíà ní irọ́ ni. Ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn lọ́yà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ẹ mọ Warri, tí Effurun wa yìí lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ibẹ̀, ó ti di àwàdà kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá. Àwọn olólùfẹ́ Ẹ́límù, tó jẹ́ ẹgbẹ́ tí Stánmíà ti ń fìyà jẹ láti ọjọ́ pípẹ́, gba ẹ̀sùn yìí bí ìgbà tí òjò rọ̀ sí oko wọn. Olórí wọn ni Stephen, ọmọ Uvwie, àwọn onílẹ̀ Effurun, tó ń tún kẹ̀kẹ́ márúwá ṣe ní Ugbolokposo, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ṣíṣẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ. Bí Stánmíà bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn Ẹ́límù á bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ení títí dé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, pẹ̀lú ohùn orin ìsìn.

Kí ni Alága wá ṣe? Ó fòfin de mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe nọ́ńbà yẹn nínú ibi ìwòran mọ́, ìbáà jẹ́ iye owó, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú eré. Bí eré bá ti dé ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́rin, Gbénga á ní ká fo èyí tó tẹ̀lé e, ká bọ́ sí ìkẹrìnlélọ́gọ́rin. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá há mọ́ lọ́nà ọ̀fun ni Bàbá Elijah, apẹja Ìlàjẹ kan tó fẹ́ràn Stánmíà dénú egungun, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin gan-an lóṣù náà. Alága ránṣẹ́ pè é, ó sì fi tìfẹ́tìfẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọdún kan kún un. Bàbá wò ó títí.

“Adébọ̀wálé, ẹni tó bá fi ọdún kan kún ọjọ́ orí mi, inú èyí tó kù fún mi ló ti bù ú. Ṣé ìwọ lo máa san án padà?”

Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé, ó ní òun kò ní í padà wá títí òun ó fi pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Bí Alága ṣe lé àgbà kan ṣoṣo tó lè bá a wí ní Yorùbá kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ó sì rò pé òun ṣẹ́gun.

Nígbà tó ṣe, gbogbo ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Effurun fẹnu kò pé kí àwọn ní Alága Àpapọ̀ kan, ẹni tí yóò máa ṣojú gbogbo wọn. Ha! Oorun dá lójú Adébọ̀wálé. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí mọ́ ju ipò yẹn lọ. Kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìdìbò ló ti rán agbádá, ó ti ya fọ́tò, ó ti lẹ ojú ara rẹ̀ mọ́ gbogbo òpó iná láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé oríta. Stephen nìkan ló bá a du ipò náà, kò sì lẹ fọ́tò kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi gbogbo oníkẹ̀kẹ́ tó bá wá ṣe kẹ̀kẹ́: ẹni tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń tẹ òfin lójú, ṣé òun la ó fún ní òfin tiwa dì mú?

Ìbéèrè yẹn ràn bí iná ọyẹ́. Nígbà tí Adébọ̀wálé rí i pé ipò fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó gbé ìpinnu kan dìde tí ó jẹ́ pé orí tó ti wú nìkan ló lè bí i. Ó ní a ó gbé ẹjọ́ Stánmíà wá sí Effurun. Lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, ṣáájú ìdìbò, a ó gbọ́ ọ, a ó dá a, òun ó sì dá wọn láre níwájú gbogbo ayé. Ẹnìkan rán an létí pé àwọn adájọ́ ìlú Òyìnbó, tí wọ́n ń dé irun ẹṣin, ti ń gbọ́ ẹjọ́ náà láti ọjọ́ yìí, wọn ò tíì parí. Ó ní irun yẹn ló ń mú wọn lórí.

Stephen gbà, ṣùgbọ́n ó ní adájọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní ẹgbẹ́. Ta ni? Wọ́n wò yí ká, ojú gbogbo wọn bọ́ sórí Peculiar, obìnrin tó ni ibi ìwòran náà. Peculiar kì í ti ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn. Ẹni tó bá sanwó ẹnu ọ̀nà ni tirẹ̀. Adébọ̀wálé yára gbà ju Stephen lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn, nítorí ó dá a lójú bí ọjọ́ pé Peculiar kò gbọ́ Yorùbá.

Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ díẹ̀. Àwa Yorùbá ní àìsàn kan. Bí mọ́tò bá ti gbé wa kọjá Benin, a ó rò pé èdè wa ti di yàrá tó ní ìlẹ̀kùn. A ó jókòó láàárín ọjà, a ó máa bú ẹni tó ń tajà fún wa lójú rẹ̀, a ó sì máa rẹ́rìn-ín sí i. Adébọ̀wálé ti fi ogún ọdún ṣe é láṣegbé. Peculiar, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé bó bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, Pidgin ló fi ń dá a lóhùn, kò ha ti fi ara rẹ̀ hàn pé ọmọ Warri ni? Kò bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ rí. Akínsànmí ni. Etí odò Warri ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja, ìyá rẹ̀ kò sì fi èdè míì bá a wí láti ọjọ́ tó ti já ọmú. Gbogbo ohun tí Alága ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin, nípa ọtí rẹ̀, nípa páànù orí ilé rẹ̀, nípa ìdí rẹ̀ pàápàá, ó ti gbọ́ ọ. Oníbàárà ni, ló ṣe ń gbé e mì.

Ìyàwó Adébọ̀wálé kìlọ̀ fún un. Fúnmilọ́lá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ẹjọ́, ó sì gbọ́ bó ṣe ń bá Gbénga sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé ìwọ sáà jẹ́ ká máa fi Yorùbá ṣe é níwájú wọn.

“Bàbá Stephanie, ṣé ẹ dá obìnrin yẹn mọ̀ dáadáa? Ọmọ yín tó wà ní pálọ̀ yìí, ìgbà wo lẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òun náà kẹ́yìn?”

Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ó wá pariwo sí pálọ̀ pé, Stephanie, bá mi bu omi tútù wá, kó o sì pa fáànù yẹn bí o bá ń bọ̀. Stephanie dáhùn pé, “Daddy, I dey come.” Fáànù kú, omi tútù dé. Fúnmilọ́lá wo omi, ó wo ọkọ rẹ̀. Adébọ̀wálé mu omi náà tán, kò rí ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú dé. Lẹ́yìn ìsìn, ibi ìwòran kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan gun orí kẹ̀kẹ́ wọn níta kí wọ́n lè rí inú. Peculiar jókòó sórí àga kan lẹ́yìn tábìlì, ó so fèrè rẹfirí mọ́ ọrùn. Alága wọlé nínú agbádá, Gbénga sì ka oríkì títí tí Peculiar fi fọn fèrè pé ó tó.

Stephen ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́.

“Chairman, if I carry my own money buy my own spare part, come write say na customer buy am, you go clap for me?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adébọ̀wálé dìde láti fèsì, ó sì lo odindi ìdajì wákàtí. Ó ní a kì í pe erin lẹ́jọ́. Ó ní ẹni tó ti gba ife méje, kí ló kù láyé tó fẹ́ jí? Ó ní iye ẹ̀sùn yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé wọn ò jẹ̀bi, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀sùn kan ṣoṣo á tó o. Ìgbà tó bá ti di mẹ́ta, nǹkan, lélọ́gọ́rin, ìlara ni. Wọ́n kígbe nígbà tí nọ́ńbà náà bọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Kò kà á sí. Ó fa lẹ́tà kan yọ lábẹ́ agbádá, ó ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí òun, pé a ti dá Stánmíà láre ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n kí òun má tíì sọ.

Peculiar gba lẹ́tà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í ní Pidgin pé ta ló fọwọ́ sí i. Adébọ̀wálé kò múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ojú rẹ̀ kò yí padà o. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yíjú sí Gbénga, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete níwájú igba èèyàn.

“Gbénga, má wojú wọn, máa rẹ́rìn-ín. Sọ pé ọ̀gá àgbà Stánmíà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ la fi tẹ̀ ẹ́? Ewúrẹ́ ni gbogbo wọn. Èmi náà mọ̀ pé àwọn Stánmíà jẹ̀bi, ta ni kò mọ̀? Jẹ́ kí n gun orí àga yìí ná. Lọ́jọ́ kejì ni n ó kó gbogbo ìwòran lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, kí obìnrin yìí lọ máa yan ẹja.”

Gbénga rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba, ó sì sọ fún ilé ẹjọ́ pé ọ̀gá wọn pátápátá ló fọwọ́ sí i.

Peculiar gbé lẹ́tà náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Inú bí i, ó sì dùn ún, ojú rẹ̀ sì fi hàn. Ó fọn fèrè. Ó ní ní Pidgin pé ẹjọ́ Stánmíà, òun kò lè dá a, nítorí ìwé rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun, àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì tíì parí. Kí ẹnikẹ́ni nínú Effurun má ṣe sọ pé wọ́n jẹ̀bi tàbí wọn ò jẹ̀bi kí ìdájọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí òun lè dá, nítorí ojú òun ló ṣe. Ó wá yíjú sí Alága.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

Adébọ̀wálé dìde. Èdè ìyá ẹni kì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọ etí. Ìgbà tó dìde tán ló tó yé e pé Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Òógùn bò ó lábẹ́ agbádá.

“Peculiar Akínsànmí ni orúkọ mi, sà. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni ìyá mi ti wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá Gbénga sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn èèyàn wa kò gbọ́ ọ. Ẹ bá wa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, láti orí dé ìdí.”

Ó ti sọ ọ́ tán kí àwọn ará Warri tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Stephen bi Alága pé kí ni màdáámù wí. Alága gba máìkì, ó wo ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà kún. Ó wá sọ fún wọn ní Pidgin pé òun ní kí gbogbo wa fẹ́ràn ara wa. Fèrè dún.

“Ẹ fo ibì kan, sà. Ewúrẹ́ ńkọ́?”

Ó ní òótọ́ ni, òun dárúkọ ewúrẹ́. Stephen ní ewúrẹ́ wo?

“Goat,” ni Alága wí. “Goat for general.”

Fèrè tún dún. Báyìí ni wọ́n ṣe é, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, fèrè kan lẹ́yìn èkejì. Adébọ̀wálé ń gé e, Peculiar ń dá a padà sí i. Nígbà tí ewúrẹ́ fi di gbogbo yín, nígbà tí lẹ́tà ìlú Òyìnbó fi padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, àwọn èèyàn ti ń yí gbiri lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò bínú, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tí Warri bá bínú sí ní oríire. Ẹ̀rín ni wọ́n fi pa á. Ìgbà tó dé ibi pé òun náà mọ̀ pé Stánmíà jẹ̀bi, àwọn olólùfẹ́ Stánmíà gan-an ló kígbe jù, nítorí odindi ọdún kan ni ọkùnrin yìí ti ń fi ìyà jẹ wọ́n pé kí wọ́n má mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku ti ẹja yíyan. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ gbé máìkì kalẹ̀. Kò lè wojú obìnrin náà.

“Ẹ parí rẹ̀,” ni Peculiar wí. “Ìyá mi yan ẹja, ẹja yẹn ló fi rán mi nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ ilé yìí, páànù kan lẹ́yìn èkejì. Ó dùn mí, sà.”

Ó parí rẹ̀. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ní ìlú Òyìnbó, wọn kò tíì dá ẹjọ́ tiwọn títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Tiwa tán kí oòrùn tó yí. Peculiar ní ká bọ́ síta ká dìbò, ẹni tí èèyàn bá fẹ́ kó tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìlà Stephen gùn dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó ṣẹ́ kọ́nà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí kò tilẹ̀ wo bọ́ọ̀lù rí sọ̀ kalẹ̀ wá tò sí i. Lẹ́yìn Adébọ̀wálé, Gbénga nìkan ló dúró. Ó dúró bí ọkùnrin fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó wá wẹ̀yìn wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún okùn bàtà rẹ̀ so, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà ló wọ̀, ìgbà tí yóò sì fi nà ró, ọ̀dọ̀ Stephen ló wà.

Alága wá ku òun nìkan nínú oòrùn, òun àti agbádá, òun àti fọ́tò rẹ̀ lórí òpó iná lókè tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ẹni tó lé e, kò sí ẹni tó pè é. Ó gbìyànjú láti dúró gangan. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mẹ́rin tí kò ti dá dúró níbì kankan, ó sì rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ó ká agbádá sí èjìká, ó rọra sọdá, ó sì lọ tò sí ìparí ìlà Stephen, òun ni ẹni ìkẹyìn.

Gbénga ló wà níwájú rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

“Oga, abeg, no push me,” ló wí. “Na line we dey.”

Adébọ̀wálé ní kó má bínú, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.